Ta Ló Ń Wọ Inú Fóònù Mi Ní Ọjọ́ Kẹtàdínlógún?

Ilé Bàbá Dominic,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì,
Iyere, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ṣèyíọlá ọmọ mi,

Kí o tó ka ìwé yìí, yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, kí o wo ibi tí mo fi ẹ̀kọ lẹ̀ pọ̀. Bí ó bá ti ṣí, á jẹ́ pé ẹnì kan ti kà á ṣáájú rẹ nìyẹn, ká a pọ̀ kí o máa bọ̀ nílé. Bí kò bá ṣí, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú ìnáwó Èkó. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n tún kí ọ lẹ́ẹ̀kejì nítorí mo máa ń gé ìkíni òun kúrú. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú yẹn láyọ̀ kò ní jẹ́ kí ó gbé ọ mì. Ohun tí o bá fi àárọ̀ ṣe kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ẹni tó bá sì ń wá ọ fún ibi kò ní rí ojúlé rẹ. Àmín. Ṣe Àmín náà sókè, má ṣe é sínú.

O máa béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù náà gan-an ni mo ń sá fún. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mo ti gbé e sábẹ́ agbọ̀n tí ìyá rẹ fi ń bo adìyẹ tó ń pa ẹyin, mo sì gbé òkúta lé agbọ̀n lórí, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn án, a kì í sì í sọ̀rọ̀ olè lójú olè. Akínfẹ́mi tó ń wa mọ́tò láti Ọ̀wọ̀ sí Èkó ló máa mú ìwé yìí wá. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ iṣu ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá bi ọ́, ọ̀rọ̀ iṣu ni.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò tíì tẹ́lẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n àwọn tí kò ní sùúrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Ewúrẹ́ tí o sọ pé ó rù ti bí méjì, ọ̀kan jọ aládùúgbò wa tí n kò ní dárúkọ, a sì ń fi pamọ́ fún un. Mo ra iṣu gbígbìn ní Ìdóàní, owó rẹ̀ gun orí igi, mo rà á bẹ́ẹ̀. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń sọ fún un nígbà tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ó sì máa ń bá a mu ju ti rédíò lọ.

Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Láti oṣù Kẹwàá ni, bí ọjọ́ kẹtàdínlógún bá ti pé, báńkì á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹgbẹ̀rún méjì náírà ti jáde. Kì í yẹ̀, kì í lé, kì í dín. Olè tí èmi mọ̀ a máa wá nígbà tí ilé bá dá, á mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, á sá lọ. Èyí ń wá bí ẹni ń gba owó oṣù. Ìyẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí.

Mo lọ sí báńkì ní Ọ̀wọ̀. Ọmọkùnrin kan tó de táì mọ́ ọrùn bí ẹni fẹ́ fún ara rẹ̀ pa wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, ó ní Bàbá, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n máa yọ ọ́. Mo ní kó mú ìwé tí mo fọwọ́ sí wá kí n rí i. Ó ní kò sí ìwé. Ìwọ náà gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe alábòójútó àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, n kò sì rí ọjọ́ kan tí wọ́n fún ènìyàn ní ṣọ́bìrì láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé mẹ́ta, funfun, àwọ̀ ewé àti pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìfọwọ́sí tèmi gan-an kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣe láìmọ̀, ó ní ìkọ́ mẹ́ta, ó sì ń gba àkókò. Mo bi í bóyá ó rí ìkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wo ẹni tó tò sẹ́yìn mi, ó ní ẹni tó kàn.

Ni mo bá fura sí Qudirat, ọmọ tó ń ṣe POS ní ìkóríta wa níbí, torí òun ló máa ń bá mi gba owó pẹ́ńṣàn jáde, ó sì mọ iye tó wà níbẹ̀ ju ìyá rẹ lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kọkànlá, mo gbé àpótí ìjókòó lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀, mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní Bàbá, ṣé kò sí. Mo ní kò sí, afẹ́fẹ́ ni mo ń gbà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi, mo jẹ ẹ́, n kò gbé ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí àpótí yẹn ni mo wà tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi wọlé pé owó ti lọ, ọwọ́ Qudirat méjèèjì sì wà nínú abọ́ ìrẹsì. Mo yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí mo ń fura sí, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́ kúrò tán.

Ó gba fóònù náà wò, ó ní Bàbá, nǹkan kan wà tí ẹ ń sanwó fún, ẹ ti tẹ nǹkan kan ni. Mo ní n kò tẹ nǹkan kan rí, àfi kí n pè, kí n gbà bí wọ́n bá pè, kí n sì fi àtàǹpàkò dáhùn nígbà tí fóònù bá béèrè. Ìyẹn ni n kì í fi jáfara. O ṣáà mọ ohun tí ojú mi rí ní ọdún tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ tí n kò lè lọ síbi àyẹ̀wò pẹ́ńṣàn. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, àwọn kan tí n kò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá ti kọ mí mọ́ àwọn olóògbé. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbé ara mi kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo wà nínú aṣọ mi. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ní kí n mú àtàǹpàkò wá, kíá ni mo ń mú un wá. Fóònù yìí náà sì mọ̀ ọ́n béèrè, á ya àwòrán ìka sójú rẹ̀, á ní kí n fi tèmi síbẹ̀, bí mo bá ti fi síbẹ̀ á ṣe ààmì pé ó dára, ọkàn mi á balẹ̀ pé wọ́n ti kọ ọ́ síbì kan pé mo ṣì wà láàyè.

Àtàǹpàkò yìí kan náà ni mo fi gba áàpù kòkó, bí ẹ ṣe ń pè é, wọlé. Oṣù Kẹwàá náà ni. Mo ń wo ìròyìn lórí fóònù, ni àwòrán èso kòkó dédé yọ, ó ní bí ewé kòkó ẹni bá ń ṣàìsàn, kí a ya fọ́tò rẹ̀, òun á sọ ohun tó ń ṣe é, ó sì ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sọ, Ṣèyí, bí ìgbà tí ẹlẹ́mu bá bu díẹ̀ fún ọ pé kí o tọ́ ọ wò. Ó béèrè àtàǹpàkò, mo fún un. Mo ya fọ́tò ewé kòkó mi tó ní àmì dúdú dúdú. Ó ní ewé gúáfà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo pa á dé, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Nítorí náà n kò tilẹ̀ ka ìyẹn mọ́ àwọn tí mo ń fura sí. Ta ló máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́?

Ọjọ́ yẹn náà ni mo pe Jonah, bàbá Dùnsìn, kó wá wo ohun tí ó ń pe kòkó ní gúáfà. O mọ Jonah, òun ni a jọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìfẹ̀yìntì, tí a sì jọ ń ṣe àáró lóko láti ìgbà tí ìwọ kò tíì lè rìn, lónìí lóko tèmi, lọ́la lóko tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti ra fóònù fún òun náà, kò kàn mọ̀ ọ́n lò ni. Èmi ni mo bá a gbé áàpù náà sórí tirẹ̀ kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó béèrè ìka, ẹ̀rù bà á. Mo ní Jonah, má sá fún un, bí wọ́n bá béèrè tí o kò dáhùn wọ́n á kọ ọ́ mọ́ àwọn òkú. Mo di àtàǹpàkò rẹ̀ mú, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra mi. Wọ́n sọ fún un pé ewé gúáfà ni ti òun náà.

Wàyí o, mo fẹ́ kí o jókòó dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ kan ọ́. Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kejì, tí mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ, o rẹ́rìn-ín, o ní iṣẹ́ rẹ gan-an nìyẹn. O ní o máa ń mú àwọn áàpù tó ń gba owó lóṣooṣù, o máa sanwó bí oníbàárà, lẹ́yìn náà o máa sọ pé o kò ṣe mọ́, o máa wá wò ó bóyá owó á dúró lóòótọ́, àti ibi tí wọ́n fi ilẹ̀kùn àbájáde pamọ́ sí. Mo bi ọ́ pé ta ló ń sanwó iṣẹ́ yìí fún ọ, o ní àwọn tó ni áàpù ni. Ọmọ mi, n kò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. N kò tíì rí ibi tí olè ti ń sanwó fún ọdẹ kó wá wò ó bóyá òun ń jalè bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà sì ní olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta. Èmi kò sọ pé o jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mò ń béèrè ni, torí èmi ni mo san owó ilé-ìwé rẹ, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo rà. O tún ní kí n má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì mi fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ alára. Kí ló dé tí ọmọ á fi ṣọ́ bàbá rẹ̀ lára ara rẹ̀? Ìfura loògùn àgbà, má bínú.

O ní kí n wọ inú áàpù kòkó yẹn kí n wá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mi ò ṣe mọ́. Mo ní kì í ṣe òun, o ní kí n ṣáà wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́. Jonah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wá pe Dùnsìn lórí fóònù mi torí tirẹ̀ ti kú. A wá ilẹ̀kùn yẹn títí tí ìyá rẹ fi gbé oúnjẹ wá tó sì gbé abọ́ lọ. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n kọ orúkọ mi sí ni, lẹ́yìn ibi mìíràn, lẹ́yìn ibi tí ó ní kí n fi ìràwọ̀ márùn-ún dá àwọn lọ́lá. Mo fún wọn ní márùn-ún kí wọ́n lè jẹ́ kí n kọjá. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó ní ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ lọ, àárò mi máa sọ àwọn. Ṣèyí, ojú tì mí. Ènìyàn kì í jáde nílé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ báyìí bí ẹni tí wọ́n lé. Ibi tí ó ní kí n dúró tóbi, ó ní àwọ̀ ewé, ó ń tàn. Ibi tí ó ní kí n máa lọ kéré bí ẹsẹ̀ eèrà, àwọ̀ eérú ni, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo sì fi etí ẹ̀wù nù ún.

Ó wá kọ ọ́ pé bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, òun máa ṣe ìdajì owó ọdún kan gbáko fún mi. Mo kà á sókè fún Jonah, a sì gbà pé ẹ̀rí ọkàn ló ń bá wọn wí, wọ́n fẹ́ dá ìdajì ohun tí wọ́n kó padà. Jonah pàtẹ́wọ́ fún mi, ó ní o kò tíì gbàgbé bí a ṣe ń bá kọngílá ná owó. Fóònù ní kí n fi àtàǹpàkò jẹ́rìí, mo fi jẹ́rìí. Kò tó ìgbà tí ènìyàn máa fi bu omi mu, àtẹ̀jíṣẹ́ dé. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ti jáde lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe ọjọ́ kẹtàdínlógún o. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíì nínú ilé yẹn. Èmi, ìyá rẹ, fóònù, àti Jonah.

Ṣé o rí ibi tí mo ń lọ? Ó dùn mí láti kọ ọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo wá rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé kò sí oṣù kan tí Jonah kò wá lo fóònù yìí, ó ní ti òun ti kú, ó ní ti òun kò gbọ́rọ̀. Kí ló ń pa fóònù rẹ̀ lóṣooṣù?

Mo ti pa ààlè kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. O mọ bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe bí ó bá kó iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà tí kò lè dúró tì í, á fi ààlè kọ́ ọ lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, mo so ìkarahun ìgbín kékeré kan, àṣẹ́kù ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa mọ́ ìdí fóònù. N kò sọ̀rọ̀ sí i, n kò pọfọ̀, ààlè lásán ni, Fádà kò sì tíì rí i, má sọ fún Fádà. Ìyá rẹ ní báwo ni olè tó wà lókè òkun ṣe máa rí ààlè tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ní Iyere. Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo ní kí Qudirat ya fọ́tò ààlè náà kó fi sójú fóònù, kó jẹ́ pé ibi yòówù kí ènìyàn gbà wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ rí. Ọmọ náà ṣe é, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ọjọ́ kejì tí ẹgbẹ̀rún méjìlá lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Jonah wú. Ó wú bí ẹni fi ọsàn sẹ́nu. Ó ní eyín ni. Mo ní pẹ̀lẹ́, mo sì wọlé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ní lọ́kàn mi pé ààlè ti mú un. Láti ọjọ́ náà n kò bá a sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Òun ló wá bá mi kọ ebè lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kí n lọ bá a kọ tirẹ̀, n kò lọ. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Iṣu gbígbìn rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ti ń yọ ẹnu, òjò sì ti fẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yìí ni gbogbo àwa tí a jọ ń ṣe àáró máa pàdé, mo sì ti pinnu pé níbẹ̀ ni mo ti máa dìde tí mo máa sọ ìdí tí n kò fi ní bá Jonah lo ọkọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ ogójì ọdún. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ. Ìwọ tí o mọ ẹsẹ̀ wọn lórí àpáta, wádìí rẹ̀ kí o sọ fún mi kí Sátidé tó dé, ṣé Jonah ni?

Mo tún gbé kálámù. Ọjọ́ kejìlá la wà báyìí. Akínfẹ́mi kò lọ lánàá, táyà rẹ̀ ló bẹ́, nítorí náà ìwé yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ya ibi tí mo lẹ̀ pọ̀, má jẹ́ kí ìyẹn fò ọ́ láyà, èmi ni mo ya á. Bóyá ì bá sàn kí n ya gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o rí irú bàbá tí o ní.

Jonah wá láàárọ̀ òní. Ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó sì kọ́kọ́ bi ìyá rẹ bóyá ẹ̀yìn mi ti sàn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n tẹ̀lé òun dé ẹ̀yìn ilé. Mo tẹ̀lé e, mo ti mọ̀ pé ó fẹ́ jẹ́wọ́ ni, mo ti ń ka ohun tí mo máa sọ lọ́kàn. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní Dominic, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o, n kì bá tí sọ ọ́, eyín yìí ló fà á. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí kí n fi ti oṣù yìí sílẹ̀ fún òun, kí n má gbà á, torí òun fẹ́ lọ yọ eyín ní Ọ̀wọ̀, bí oṣù tó ń bọ̀ bá dé kí n máa gbà á lọ bí mo ṣe ń gbà á.

Mo ní owó wo? Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì tí mo ń yọ lọ́wọ́ òun ní gbogbo ọjọ́ kẹtàdínlógún, láti ìgbà tí mo ti di àtàǹpàkò òun mú tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù.

Ṣèyí, mo fi ìka kà á. Oṣù márùn-ún. Ó ní oṣù àkọ́kọ́, inú bí òun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rò ó pé pẹ́ńṣàn kò bọ́ sí àsìkò, mo ní ọmọ ní Èkó tí mi ò fẹ́ yọ lẹ́nu, bóyá ebi ló ń pa mí tí ojú ń tì mí láti tọrọ. Ó ní bí ebi bá ni, á lọ. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, kò sọ fún Dùnsìn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ń jí owó tèmi, ó ní òun rò pé mo fi ń bo ojú ni, òun sì bá mi pariwo díẹ̀ kí n má bàa nìkan pariwo. Ó rí ààlè, ó ní èyí dára, kò sẹ́ni tó máa fura sí mi mọ́. Ìdí tí ó fi ń wá lo fóònù mi ni pé ó máa ń pa tirẹ̀ kó má baà rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà nígbà tó bá wọlé, kí inú má baà bí òun sí mi.

Ó mú fóònù náà jáde láti àpò, ó tàn án, mo kà á fúnra mi. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀, iye kan náà, orúkọ kan náà tí ó wà lára tèmi. Mo wo àtàǹpàkò mi. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má ro ọ̀rọ̀ yìí jù kí o tó dáhùn, má sì ṣojúsàájú fún mi: ṣé èmi ni olè náà?

Mi ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ṣáájú ọjọ́ kẹtàdínlógún, wá sílé fúnra rẹ, má sọ fún mi lórí ẹ̀rọ ohun tí n ó tẹ̀, torí n kò gbà á gbọ́ mọ́ pé ohun tí mo bá tẹ̀ ni mo tẹ̀. Wá bá èmi àti Jonah pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Mo tún fẹ́ kí o mú owó bọ̀, èyí tó kúrò lọ́wọ́ Jonah láti oṣù Kẹwàá, kó pé, àti èyí tí a ó fi yọ eyín, àti díẹ̀ fún orúnkún ìyá rẹ. Kó jẹ́ owó ìwé, kó wà lápò rẹ, má fi ránṣẹ́ sórí ohunkóhun. Tèmi lè dúró. Bí o bá sì ń kọ ìwé iṣẹ́ rẹ fún àwọn tó ni áàpù wọ̀nyẹn, tí o ń sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ti kéré jù, kọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú pé ọkùnrin kan wà ní Iyere tí eyín ń dùn tó lọ bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kọ orúkọ rẹ̀. Jonah ni. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n máa kọ ìyẹn sí.

Nígbà tí mo sọ fún un pé kì í ṣe èmi, pé àwọn tó ni áàpù kòkó ni, ó wò mí, ó ní kò burú, òun ti dárí jì mí tipẹ́. Kò gbà mí gbọ́, Ṣèyí. Ohun tí n kò ṣe ló fi jì mí, ohun tí mo ṣe gan-an kò mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ lọ bá a kọ ebè rẹ̀ ní ìdájí ọ̀la, ibẹ̀ ni n ó ti sọ fún un, bí mo bá rí ẹnu sọ ọ́.

Ọlọ́run á fi ọ̀nà rẹ hàn ọ́. Ìṣẹ́ kò ní mọ ilé rẹ. Ohun tí o bá ń wá kò ní sá fún ọ, ohun tó bá ń lé ọ kò ní bá ọ. Nínú Èkó tí ẹnì kan kò ti mọ ẹnì kan yẹn, Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tí ó máa rò pé o ń ja òun lólè, tí á sì rò pé ebi ló ń pa ọ́. Kò sì ní jẹ́ kí o ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí mo ṣe ṣe Jonah.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dominic.